Kí ẹ tó yí sọ́fúwíà padà mọ́ èèyàn lọ́wọ́: bí ìkìlọ̀ yín ṣe máa dé etí wọn kí ọjọ́ tó pé

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni mo kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi ni mò ń bójú tó áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí l'Adó-Èkìtì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀hún fọ́nká, àwọn kan wà ní Ìlawẹ̀, àwọn kan wà ní Ìjerò, àwọn mìíràn wà ní Ìkọ̀lé títí dé Òmùò lọ́hùn-ún, tíṣà wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà, àmọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, mo sọ píìnì tí wọ́n fi ń wọlé di oní nọ́ńbà mẹ́fà, mẹ́rin ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tí ò bá tíì yí tiẹ̀ padà ò ní lè wọlé mọ́. Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní Tọ́sìdé, lójú tèmi mo ti kìlọ̀, ó tán. Kí aago mẹ́jọ tó lù ní Mọ́ńdè, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, àṣé ọjọ́ ìwọlé iléèwé ni, owó iléèwé ọmọ ni gbogbo wọn fẹ́ gbà jáde. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìlawẹ̀, ó ní kí n wá owó òun jáde, pé ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí lẹ jí i.

Mo gba fóònù ìyá yẹn wò. Àtẹ̀jíṣẹ́ mi wà níbẹ̀, kò tíì ṣí i, ó há sáàárín ti àwọn oní-tẹ́tẹ́ àti ti àwọn tó ń ta dátà. Mo ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò kìlọ̀ fún ìyá yẹn rárá, kí ìyẹn yé wa dáadáa ká tó máa bọ́rọ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà ń bójú tó nǹkan táwọn èèyàn fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ì báà ṣe ibi tí wọ́n ti ń san owó iléèwé, ìwé orúkọ aláìsàn ní ọsibítù, tàbí ètò tí ṣọ́ọ̀bù kan fi ń ka ọjà, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Àkọ́kọ́, àyípadà wo ló yẹ kí ẹ kìlọ̀?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi: ohun tí ẹnì kan mọ̀ ọ́n ṣe lánàá, ṣé bó ṣe ṣe é lánàá náà ló ṣì máa ṣe é lọ́la? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ kìlọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan kan kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ kìlọ̀ tipẹ́tipẹ́, kẹ́ ẹ sì pariwo ẹ̀. Tí ẹ bá kàn tún inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí áàpù yín ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣe tó fi yá díẹ̀ sí i, ẹ dákẹ́ jàre, ẹ má fi pọ́n ẹnikẹ́ni lójú, torí ẹni tí ẹ bá ń pè lójoojúmọ́ lórí ohun tí ò kàn án, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wá kàn án kò ní dáhùn.

Àwọn kan wà tó máa ń sá mọ́ wa lójú ṣá. Owó tí ẹ ń yọ nígbà tí wọ́n bá ń gbowó jáde, kódà kó jẹ́ náírà mẹ́wàá lẹ fi kún un. Áàpù tuntun tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára. Fóònù àtijọ́ tí áàpù tuntun ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Fáìlì Excel tí akọ̀wé ń gbà jáde lóṣooṣù, tí ẹ bá gbé ìlà kan kúrò níbi tó wà, ìṣirò tó ti tò sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta á dàrú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ìyẹn ló burú jù torí kò ní pariwo, iye tí kì í ṣe òótọ́ ló máa gbé jáde.

Mo tún fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ibi tí bọ́tìnì wà. Àwọn tó ń ya àwòrán ojú áàpù máa ń rò pé bí àwọn bá gbé bọ́tìnì láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹwà lásán ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí mò ń wí yìí ò mọ̀wé kà, wọn ò ka nǹkan kan lójú fóònù, ibi tí nǹkan wà àti àwọ̀ ẹ̀ ni wọ́n há sórí. "Èyí aláwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ ẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá sọ aláwọ̀ ewé di búlúù, tí ẹ sì gbé e lọ sápá kejì, bí ìgbà tí ẹ lọ tún ilé afọ́jú tò lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ẹ kìlọ̀ fún wọn, kí ẹ sì fi àwòrán ti àtijọ́ àti tuntun hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kíkọ ò lè ṣe é níbí.

Ìkejì, ta ló kàn gan-an?

Ẹ má kàn sọ pé gbogbo èèyàn. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ tí sáfà ń tọ́jú, ẹ wá àwọn tó ti fọwọ́ kan ohun tí ẹ fẹ́ yí yìí, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn wo oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ni owó iléèwé ń dé, àgbẹ̀ tó ń yá owó gbin iṣu, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń yọjú sí yín, tí ẹ bá wo oṣù mẹ́ta péré, ẹ ó rò pé kò sí lágbo mọ́. Ọdún kan gbáko ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá bi ara yín pé ta ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé wa, nọ́ńbà fóònù bí mélòó kan wà tó jẹ́ pé ọmọ wọn tó ń gbé l'Ékòó ló ni síìmù, ìyá wà nílé l'Ẹfọ̀n, ọmọ ló ń gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó ń rò pé ti àwọn gbájú-ẹ̀ ni, ó ń pa á rẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà akọ̀wé ẹ̀ka ni wọ́n fún wa nígbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, torí náà èèyàn mọ́kànlá lè wà lórí fóònù kan. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń fa àkọsílẹ̀ láti orí áàpù yín wà níbẹ̀ náà, prógíráàmù ò ka àtẹ̀jíṣẹ́ o, ẹni tó kọ ọ́ lẹ gbọ́dọ̀ wá rí.

Ìkẹta, ọjọ́ mélòó? Ibí ni èmi ti ṣìnà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Gbogbo èèyàn ló ń fi òwe yìí yin ọgbọ́n arọ, èmi wá ń bi ara mi pé ìgbà wo ló tiẹ̀ gbọ́ ná? Tó bá jẹ́ alẹ́ àná ló gbọ́ ogun àárọ̀ yìí, ọgbọ́n wo ló fẹ́ ta? Iye ọjọ́ tó máa tó arọ láti jáde nílùú ni ẹ gbọ́dọ̀ fún gbogbo ìlú, ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ á kàn jókòó dúró ni.

Torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ọjọ́ tí iṣẹ́ yín máa parí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó lọ́ra jù. Ìyá Ìlawẹ̀ yẹn, ọmọ ẹ̀ tó ń bá a ka àtẹ̀jíṣẹ́ ń wálé ní ìparí oṣù. Tí n bá ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì oṣù, ó di ìparí oṣù kó tó gbọ́, tí ọmọ ò bá sì rí àyè wálé lóṣù yẹn ńkọ́? Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí ni pé iye ọjọ́ tí ẹni tó lọ́ra jù fi ń pẹ́ kó tó rí yín, mo ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, n ó wá fi iye ọjọ́ tó máa ná an láti ṣe ohun tí mo ní kó ṣe kún un. Fún ẹgbẹ́ wa, oṣù méjì ó lé díẹ̀ nìyẹn. Ẹ lè ní ó ti pọ̀ jù. Google fẹ́ ti ètò kan tí wọ́n ń pè ní Google Reader, tí àwọn èèyàn fi ń ka ìròyìn láti oríṣiríṣi ìkànnì, pa lọ́dún 2013, ọjọ́ 13 oṣù kẹta ni wọ́n kéde ẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù keje ni wọ́n tì í, ó lé ní oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fún àwọn èèyàn láyè láti kó ẹrù wọn jáde, síbẹ̀ àwọn èèyàn ṣì bínú. Èèyàn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ dalẹ́ nìwọ̀nyẹn o, kì í ṣe ìyá oníṣu.

Tí àyípadà yín bá máa pa nǹkan rẹ́, bí àkọsílẹ̀ ọdún àtijọ́ tàbí àwòrán, ẹ tún fi kún ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì ṣe ọ̀nà tí wọ́n á fi gba tiwọn jáde ṣáájú kí ẹ tó kéde. Kí ẹ máa kéde pé ilé fẹ́ wó nígbà tí ẹ ò tíì ṣílẹ̀kùn, ìkà ni.

Ọjọ́ tí ẹ máa mú náà ṣe kókó. Ẹ má mú Fúráìdé. Ní Fúráìdé ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike, tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè, fi ápdéètì kan ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ àtààbọ̀ ló dákú káàkiri ayé, bàálù ò gbéra, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sì jẹ́ pé ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ lọ síwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kó fọwọ́ tún un ṣe, ẹ wá fojú inú wo bí wọ́n ṣe lo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má mú ìparí oṣù tí owó oṣù ń wọlé. Ẹ má mú ọ̀sẹ̀ ìwọlé iléèwé, mo ti sọ tèmi. L'Adó níbí, ẹ má mú àsìkò ọdún Udíròkò ní oṣù kẹjọ, kò sẹ́ni tó máa gbóhùn yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alága ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ọjọ́ tí ọjà wọn ń bọ́ sí, torí ọjọ́ ọjà Ìkọ̀lé kọ́ ni ọjọ́ ọjà Ìjerò. Ààrin ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo yín wà lójúfò tí nẹ́tíwọ́kì ò sì tíì kún, ìyẹn ló bá mi lára mu.

Ìkẹrin, ẹ ṣọ́ra fún bí a ṣe ń ka ọjọ́

Èyí kékeré lójú ṣùgbọ́n ó ti bù mí jẹ rí. Mo kọ ọ́ fún àwọn kan nígbà kan pé "ọjọ́ márùn-ún sí òní." Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, Mọ́ńdè ni mo kọ ọ́, Sátidé ni mo ní lọ́kàn. Àwọn àgbà ibẹ̀ ka Mọ́ńdè mọ́ ọn, torí nínú ìṣirò tiwa, òní wà nínú ẹ̀. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ẹ bá mi kà á, tí wọ́n bá ná an ní Mọ́ńdè, Fúráìdé ni wọ́n tún ń ná an. Ìtàdógún náà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún géérégé ni, òní tí a kà mọ́ ọn ló sọ ọ́ di mẹ́tàdínlógún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n retí àyípadà ní Fúráìdé, Fúráìdé dé, áàpù ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà, wọ́n ní àwọn ọmọ yìí tún ti purọ́, wọ́n gbàgbé ẹ̀. Sátidé, ó tì pa mọ́ wọn.

Torí náà ẹ máa kọ orúkọ ọjọ́ àti déètì pọ̀ nígbà gbogbo: Wẹ́sìdé, ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Ẹ má sì kọ "aago méjìlá òru Fúráìdé" láé, torí ìdajì á rò pé òru Tọ́sìdé mọ́jú Fúráìdé ni, ìdajì á rò pé Fúráìdé mọ́jú Sátidé ni, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ inú àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra ẹ̀

Èyí tí gbogbo iléeṣẹ́ ń kọ: "A fẹ́ ṣàtúnṣe sí ètò wa ká lè túbọ̀ máa sìn yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún wa." Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Nígbà wo? Kí ni kí n ṣe? Kò sí ìkankan níbẹ̀, oríkì ara wọn ni wọ́n ń kì. Ìkìlọ̀ gidi ń sọ ohun tó máa yí padà, ọjọ́ àti aago, ohun tí ẹni náà máa fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ò bá ṣe é, àti ibi tó máa lọ tó bá há. Ọ̀rọ̀ owó bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé owó wọn ò lọ síbì kankan, ìyẹn ni ẹ̀rù àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì orí ọ̀rọ̀ wá dé. Àtẹ̀jíṣẹ́ ojú ewé kan gba lẹ́tà 160 tó bá jẹ́ lẹ́tà lásán. Tí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo sínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á yí padà, ojú ewé kan á wálẹ̀ sí lẹ́tà 70. Àti pé ẹ tó ní àmì lórí bí ẹ̀ tàbí ẹ́, méjì ni nẹ́tíwọ́kì ń kà á sí. Tó bá wá gùn ju ojú ewé kan lọ, 153 ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan ń gbà fún lẹ́tà lásán, 67 fún ti alámì. Ẹ ṣe ìṣirò owó ẹ̀ lórí ẹgbẹ̀rún èèyàn kí ẹ tó ránṣẹ́. Èmi tí mo fẹ́ràn àmì yìí, mo ń yọ ọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, mo ń fi í sílẹ̀ nínú áàpù àti lára ògiri ọ́fíìsì. Èyí ni irú èyí tí a ń fi ránṣẹ́:

"Lati Wednesday 12 November aago 9 aaro, PIN onka 4 ko ni sise mo. E si app, e te Eto, e te PIN, e yan onka 6. Ti e ko ba se e, owo yin wa nibe, sugbon e ni lati wa si ofiisi ki e to le gba a. Enikeni ko ni beere PIN yin."

Ojú ewé méjì nìyẹn, tí mo bá fi àmì sí i, mẹ́rin ni ó kéré tán.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ àmì, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ kan báyìí: "ma." Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ "E ma lo app atijo." Ẹ má lò ó ni àbí ẹ máa lò ó? Ẹnì kan tiẹ̀ kà á sí ẹ máa lọ, ó bínú pé wọ́n lé òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ń pàṣẹ kó ṣe é, ó tún ń pàṣẹ kó má ṣe é. Ẹ kọ "E ye lo" tàbí "E si le lo," kí ẹ sì fún ẹnì kan tí kì í ṣe ara yín kà á sókè ṣáájú kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Àti líǹkì, ẹ má fi síbẹ̀ rárá. Gbájú-ẹ̀ tó ń ní "àkáǹtì yín fẹ́ kú, ẹ tẹ ibí" àti ìkìlọ̀ òdodo tiyín, ojú kan náà ni wọ́n ní lójú ẹni tó ń gbà á. Tí ẹ bá kọ́ àwọn èèyàn láti máa tẹ líǹkì tí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan fẹ́ kú, ẹ ti bá olè la ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí áàpù. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan náà wà lára ògiri ọ́fíìsì àti lẹ́nu alága, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì rí ibi béèrè.

Ìkẹfà, ọ̀nà tó ń gbà dé etí

Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ò tó. Àwọn tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, èyí tí àjọ NCC gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ìpolówó ti sú, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ bá rà ní ọ̀nà ìpolówó ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ sì lè má mọ̀. Ẹ bi ẹni tí ẹ ti ń rà á bóyá ọ̀nà tó wà fún ìsọfúnni oníbàárà ló ń gbà. Ìpàdé oṣooṣù ni tiwa tó dáa jù, akọ̀wé á kà á ní ìbẹ̀rẹ̀, á tún kà á nígbà tí wọ́n bá fẹ́ túká, torí àwọn tó pẹ́ dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún WhatsApp. Èmi ni mo kọ́kọ́ ka ọ̀kan, Yorùbá tó mọ́ gaara bí ti akéde rédíò, kò sẹ́ni tó fèsì. Alága ẹ̀ka kan wá gba tiẹ̀ sílẹ̀, Èkìtì pọ́nńbélé, ilé di ulé, iṣu di usu, ó ń bú wọn díẹ̀ ó ń bẹ̀ wọ́n díẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn káàkiri, àwọn tí kì í ṣọmọ ẹgbẹ́ gan-an gbọ́. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi tèmi nínú ulé mi, mo máa gbọ́ tiẹ̀.

Nínú áàpù, ẹ gbé pátákó kékeré sókè láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó ṣeé pa dé, kó sì máa padà wá. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mú un tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dí ẹni tó ń kánjú gbowó lọ́nà, ẹ fi bọ́tìnì "tó bá yá" síbẹ̀. Ẹ ó rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 tí WhatsApp gbé ìlànà tuntun wá, pé ẹni tí ò bá gbà á títí ọjọ́ 8 oṣù kejì ò ní lè lò ó mọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò yé ẹnikẹ́ni, gbólóhùn "gbà á tàbí kó o lọ" ló yé wọn, ni olúkúlùkù bá ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe wù ú, pé wọ́n fẹ́ máa ka ọ̀rọ̀ wa, èrò ń rọ́ lọ sórí Signal àti Telegram. Wọ́n padà sún un sí ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún. Ibi tí ẹ bá fi òfìfo sílẹ̀ nínú àlàyé yín, àwọn èèyàn á fi ìbẹ̀rù dí i.

Bí ọjọ́ ti ń sún mọ́, ẹ máa ka iye àwọn tó ti ṣe é. Èmi kì í wo iye tí mo fi ránṣẹ́ mọ́, iye tó kù ni mò ń wò. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó kù á ti kéré débi tí ẹ fi lè máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ò tíì ṣe é, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìkeje, ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ rí ẹni tó máa kan

GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ prógíráàmù ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ dẹ́kun kí àwọn èèyàn máa fi páswọ́ọ̀dù lásán ti iṣẹ́ wọn sókè ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Wọ́n ti kéde ẹ̀ láti òpin ọdún 2020, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbọ́, torí náà kí ọjọ́ náà tó dé, wọ́n ti ọ̀nà ọ̀hún pa fún wákàtí díẹ̀, wọ́n tún ṣí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tí ò mọ̀, ọjọ́ yẹn ló mọ̀, ó sì ṣì ní ọjọ́ lọ́wọ́ láti tún nǹkan tiẹ̀ ṣe. Àwa náà ń ṣe é báyìí, wákàtí kan ní àárọ̀ Túsìdé kan, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tó máa hàn lójú fóònù wọn nígbà yẹn ni kí ẹ kọ dáadáa: pé ìdánwò ni, aago báyìí ló máa ṣí padà, kí wọ́n tètè ṣe báyìí báyìí.

Ọjọ́ ọ̀hún gan-an

Ẹ má yí i fún gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan tó sún mọ́ ọ́fíìsì, ẹ dúró di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó mú àwọn yòókù. Ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé tí ó bá di aago báyìí tí ò tíì gún, ẹ ó dá a padà sí ti àtijọ́, kí ẹ kọ aago yẹn sórí pépà, torí tí iná bá ti ń jó, gbogbo wa la máa ń ní "ó ku díẹ̀."

Kí ibi tí ẹ ti máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ má sì wà lórí ohun tí ẹ ń tún ṣe. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, níbi tí Facebook ti ń tún nẹ́tíwọ́kì ara wọn ṣe, àṣẹ kan tí wọ́n pa gé wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún bíi wákàtí mẹ́fà, WhatsApp àti Instagram bá a lọ, irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ gan-an tún bá a lọ, orí Twitter ni wọ́n ti lọ ń bẹ̀bẹ̀. Tiwa, nọ́ńbà fóònù lásán tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú sáfà, àti grúùpù WhatsApp àwọn alága. Tí nǹkan bá ń pẹ́, ẹ sọ aago tí ẹ máa tún sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ní aago yẹn kódà tí kò bá sí ìròyìn tuntun.

Nígbà tó bá parí, ẹ sọ pé ó ti parí. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á fi àwọn èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n máa bẹ̀rù.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: ẹni tí ò gbọ́, ohun àtijọ́ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ní Mọ́ńdè tí mo sọ yẹn, áàpù ń sọ fún wọn pé "píìnì yín ò tọ́," wọ́n ń tún un tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ti àkáǹtì wọn pa torí ó rò pé olè ni. Bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ṣe di méjì. Ẹ jẹ́ kí áàpù dá ti àtijọ́ mọ̀, kó sọ pé oní nọ́ńbà mẹ́rin ti kásẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n tẹ ibí láti yan mẹ́fà, kí ẹ má sì kà á mọ́ iye ìgbà tí wọ́n ṣì í tẹ̀. Ó kéré tán oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fi èyí sílẹ̀.

Tí ò bá sí àyè láti kìlọ̀ ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò tí olè lè gbà wọlé, ẹ dí i ná, ẹ má kéde pé ihò wà níbẹ̀ nígbà tó ṣì là sílẹ̀. Gbàrà tí ẹ bá ti dí i, ẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ohun tí ẹ yí, ìdí tí ẹ ò fi lè sọ ṣáájú, àti ohun tí wọ́n máa ṣe. Tó bá jẹ́ pé nǹkan àwọn èèyàn ti jáde lọ, bí orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí BVN, òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti ọdún 2023 ní kí ẹ fi tó àjọ tó ń rí sí i létí láàárín wákàtí 72 tí ẹ bá ti mọ̀, bí ó bá lè kó àwọn èèyàn náà sí ewu, tí ewu náà bá sì pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni nǹkan náà kíákíá. Ẹ ti kọ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn sílẹ̀ láti òní, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, kí alága àti akọ̀wé ti kà á kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, torí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, aago méjì òru ni, ọwọ́ yín á máa gbọ̀n, ẹ ò sì ní rí alága pè.